Àpòòwé Ìbò Rẹ Kì í Ṣe Ti Dádì

Dagenham, London,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn iṣẹ́ àárọ̀.

Mojísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Káyọ̀dé ọkọ rẹ. Ara tiwa le níbí, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó máa ń dùn mí bí mo bá gun àkàbà nílé ìwé. Nǹkan méjì ni ìyá rẹ ní kí n ṣe láàárọ̀ yìí: ó ní kí n kí ọ dáadáa, ó sì ní kí n má kọ lẹ́tà kankan. Mo ti ṣe ọ̀kan.

Mo mọ̀ pé o máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí bàbá mi ń kọ lẹ́tà sí mi nígbà tí fóònù wà. Ìdí ni pé mo pariwo lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. O ní, "Daddy, I can't hear you, network ò dáa," o sì gé e. Network dáa, Àbẹ̀kẹ́. Ohùn mi ni kò dáa. Lẹ́tà kì í pariwo, bí mo bá sì kọ ohun tí kò yẹ sínú rẹ̀, ìyá rẹ á rí i kí n tó lẹ̀ ẹ́ pa.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ náà tò bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ ibi tó ti gún mi. Lóṣù tó kọjá o búra, o di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Inú mi dùn débi pé mo gbé fọ́tò rẹ, níbi tí o ti mú àsíá kékeré dání, káàkiri ìjọ. Mo fi han wòlíì, mo fi han àwọn akọrin, mo tún fi han ọkùnrin tó ń ta ẹja fún wa ní ọjà East Street. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Àìkú, o sọ fún mi pé ìwé ìbò yín máa tó dé láti ọwọ́ apínlẹ́tà, torí pé ní ìpínlẹ̀ yín, inú ilé lẹ ti ń dìbò. Mo ní ó dáa. O wá ní bó bá ti dé, gbogbo yín á kó o lọ sílé bàbá ọkọ rẹ lẹ́yìn ìsìn. Mo ní kí lẹ fẹ́ fi ṣe níbẹ̀?

O ń rẹ́rìn-ín nígbà tí o dá mi lóhùn. "Daddy máa ń help wa ni. The thing is so long, orúkọ àwọn adájọ́ wà níbẹ̀, ìbéèrè òfin wà níbẹ̀, nobody understands it. So Daddy prints a list. A jókòó sídìí dining table, a jẹun, gbogbo wa á shade ohun tó wà lórí list, òun fúnra ẹ̀ ló ń lọ post ẹ̀. Ó ti ń ṣe é for years."

Mo ní, "Daddy wo nìyẹn?"

"Ah-ah, Daddy now. Daddy Káyọ̀dé." O wá fi kún un kíákíá: "Ẹ̀yin ni Daddy London."

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Màá sọ ọ́ báyìí kí o má baà máa wá a kiri lábẹ́ ọ̀rọ̀ mi: owú ń jẹ mí. Mò ń jowú bàbá ọkọ rẹ. Mò ń jowú ilé ńlá rẹ̀, mò ń jowú mọ́tò tó fi ta ọ́ lọ́rẹ lọ́jọ́ ìbí rẹ, mò ń jowú iṣẹ́ tó fún ọ. Nígbà tí wọ́n fi ọ́ ṣe ọ̀gá lórí àwọn òṣìṣẹ́ nínú ọ̀kan lára àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ mọ̀ torí pé òun ló fi ọ́ ṣe é. Ẹnu ìyá rẹ ni èmi ti gbọ́, lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ tí o búra, wọn ò tíì fún èmi ní físà, òun ló dúró tì ọ́ nínú fọ́tò náà. Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Gbogbo ìgbà tí mo ń fi fọ́tò yẹn han àwọn ènìyàn, mo fi àtàǹpàkò bo ojú rẹ̀. Wòlíì béèrè pé, "Bàbá Mojí, ta lẹ fọwọ́ bò yẹn?" Mo ní iná ló tàn sí i. Ìyá rẹ ní àgbàlagbà tó ń bo ojú ènìyàn nínú fọ́tò, ó yẹ kí ìjọ gbààwẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n "Daddy London" yẹn ló dùn mí jù. Èmi tí mo fẹsẹ̀ rìn gbé ọ lọ sí ilé ìwé nínú yìnyín, èmi tí mo kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà lórí àtẹ̀gùn ilé wa. Ẹnì kan wá jẹ́ Daddy pátápátá, èmi wá jẹ́ Daddy ibì kan.

Nítorí náà, ìdajì ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, owú ni. Ìdajì tó kù, ohun tí ojú mi ti rí ni. Mi ò mọ bí mo ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìwọ ni kí o bá mi sẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ògì.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ sọ ni pé, ẹni tó máa jèrè nínú ọ̀rọ̀ kan, má jẹ́ kó bá ọ di bírò mú lórí ọ̀rọ̀ náà.

O kò gbọ́ ìtàn yìí rí torí pé ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, mò ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan lápá ibi odò níbí, níbi tí wọ́n ti ń di sáńwíìṣì sínú ike. Èmi ló ń lẹ àkọlé mọ́ ọn. Ọmọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, àwọn ará Gánà náà wà. Torí pé èmi ni mo máa ń gbàdúrà fún wọn ní àkókò ìsinmi, wọ́n ń pè mí ní Bàbá, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì pé ogójì ọdún. Ó sì dùn mọ́ mi gan-an ni.

Àwọn ará ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wá dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ń pín ìwé. Wọ́n ní ká dìbò: ṣé a fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa bá iléeṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórúkọ wa, àbí a ò fẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan sí i tí máníjà fi pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mi ò wọ ọ́fíìsì yẹn rí. Ó fún mi ní àga, ó fún mi ní tíì. Ó ní, "You're a leader. Your people listen to you." Ó ní bí ẹgbẹ́ bá fi lè wọlé, wọ́n á yẹ páálí ìgbélùú gbogbo ènìyàn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tí páálí wọn kò pé láàárín wa, ẹ̀rù sì bà mí nítorí wọn. Kí n má purọ́ fún ọ, orí mi náà ti wú. Òyìnbó tó ni ọ́fíìsì pè mí ní leader.

Lọ́jọ́ Ẹtì, iléeṣẹ́ se oúnjẹ fún wa. Wọ́n pè é ní jọ̀lọ́ọ̀fù. Kò sí ata nínú rẹ̀, àmọ́ adìẹ pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń jẹun, mò ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì, mò ń sọ fún wọn pé "No" ni kí wọ́n mú. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí. Wọ́n ní, "Bàbá ti sọ̀rọ̀," ó tán. Iléeṣẹ́ borí, máníjà sì bọ̀ mí lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gé àkókò ìsinmi wa kù. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n yọ àfikún tí wọ́n ń fún wa lọ́jọ́ Àìkú. Sístà Bọ́lá tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lóyún, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fún òun ní àpótí kékeré kan tí òun á máa jókòó lé. Wọ́n ní kò sí nínú ètò. Mo lọ bá máníjà, èmi leader, wọ́n ní ó wà nípàdé. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ìpàdé náà ò tán. Bọ́lá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo pàdé rẹ̀ ní Heathway, níwájú ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, ó ti bímọ, ó pọn ọmọ náà. Kò bú mi. Ó yíkàá díẹ̀, ó kí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni mo gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu o." Bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé, ó wọ̀ ọ́ lọ.

Mo ti jókòó sórí àga tí bàbá ọkọ rẹ jókòó sí yìí, Àbẹ̀kẹ́. Mo mọ bó ṣe máa ń dùn tó kí àwọn ènìyàn ṣe ohun tí o ní kí wọ́n ṣe láì béèrè ìdí. Mi ò sọ pé ènìyàn burúkú ni. Èmi náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n mo fi àdúrà àti adìẹ gba ìbò lọ́wọ́ àwọn tó fọkàn tán mi, mo gbé e fún ẹni tí kò fọkàn rò wọ́n.

Èkejì kan ìwé ìpolongo tí o ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn tí o gé fóònù, láti fi hàn mí pé Daddy yín kò dá èrò ara rẹ̀ rò. Bó ṣe yé mi, ìbéèrè kan wà lórí ìwé ìbò yín: ṣé kí òfin fi kún owó iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, kó sì dín iye arúgbó tí ẹnì kan ṣoṣo á máa tọ́jú kù. Lórí list Daddy, "No" ni. Ìyá arúgbó kan ló wà lójú ìwé ìpolongo náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà gàgàrà pé ká dáàbò bo àwọn òbí wa, ká dìbò pé rárá. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ á rò pé ìyá náà ló ń bẹ̀ wá. Mo wọ awò mi, mo fi ìka fẹ fọ́tò náà, mo ka àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹgbẹ́ àwọn tó ni ilé ìtọ́jú arúgbó ló sanwó rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi lẹ àkọlé mọ́ sáńwíìṣì. Iwájú ni wọ́n máa ń ya oko àti màlúù sí. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí, ní lẹ́tà tí ìyá rẹ ò lè kà láì lo awò. Tí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá dé ọwọ́ rẹ lọ́hùn-ún, kọ́kọ́ yí i padà, kí o ka ẹ̀yìn rẹ̀.

Mi ò gbé Amẹ́ríkà rí, mi ò sì ní ṣe bí ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò wọ́n láti òkèèrè. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ló ń bú ara wọn lójú tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń fún àwọn méjèèjì lówó. Àwọn tó ń ṣe oògùn ń fún wọn, báǹkì ń fún wọn, àwọn elépo ń fún wọn. Kò sí bí ìdìbò ṣe parí tí wọn ò ní rí ẹni tó jẹ wọ́n lọ́pẹ́. Lẹ́yìn tí ariwo bá rọlẹ̀, àwọn aṣojú iléeṣẹ́ yìí ló máa ń wà lọ́dọ̀ aṣòfin, tí wọ́n ń bá a tún ọ̀rọ̀ inú òfin kọ, ẹni tó dìbò á wà nílé, á máa pe nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kì í gbé. Mo mọ irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá nílò rẹ nìkan ni àga máa ń wà níbẹ̀.

Ohun tó tún ń yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe ń mú kí òṣìṣẹ́ dìbò lòdì sí àpò ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wá sọ fún un pé, "Mo fẹ́ gé owó oṣù rẹ." Wọ́n á ní àwọn fẹ́ràn ìjọ rẹ̀, àwọn fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀, àlejò tó ń bọ̀ lọ́nà ni kó máa bẹ̀rù. Àwa tí a jẹ́ àlejò lánàá á tún wá máa bẹ̀rù àlejò tòní. Mo ti gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Barking, tí àwọn tiwa ń fi Yorùbá bú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi náà, ojú sì tì mí.

O sọ fún mi nígbà kan nípa Rósì, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ, pé ilé ìtọ́jú méjì ló ti ń ṣiṣẹ́, pé inú mọ́tò rẹ̀ ló ti máa ń sùn díẹ̀ lọ́sàn-án láàárín iṣẹ́ kan sí èkejì. O ní ojú máa ń tì ọ́ bí o bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò náà. Tí o bá dé ibi ìbéèrè yẹn lórí ìwé ìbò rẹ, rántí pé ìwọ lo sọ ìyẹn fún mi, kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ fún ọ. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ gidigidi, àmọ́ wàá rí ìdí tí mo fi panu mọ́ bí o bá kà á dé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, má tìtorí gbogbo èyí sọ ìwé náà sínú ìdọ̀tí. Mo gbọ́ ohùn Káyọ̀dé lẹ́yìn rẹ lórí fóònù: "Me sef I don't care, all of them are thieves." Ẹ̀mí ọmọ náà dáa, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ fẹ́ràn jù, torí pé wọn ò tiẹ̀ nílò láti se adìẹ fún un.

Àṣìṣe tèmi lórí èyí pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láti ìgbà tí a ti kó kúrò ní Peckham wá síbí, wọ́n máa ń fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ lọ́dọọdún pé ta ló ń gbé inú ilé yìí, ta ló lè dìbò. Mo máa ń ya á ni. Mo rò pé ọgbọ́n àwọn ìmígíréṣọ̀n ni, pé wọ́n fẹ́ mọ ibi tí a ń sùn. Gbogbo wa là ń ya á. A tiẹ̀ máa ń kìlọ̀ fún ara wa lẹ́yìn ìsìn: fọ́ọ̀mù yẹn ti dé o, ẹ má kọ orúkọ kankan sí i. A gba páálí tán, a tún ń ya á lọ.

Lẹ́yìn tí mo kúrò nídìí sáńwíìṣì, mo rí iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ìwé tí mò ń ṣe dòní. O mọ̀ pé gbọ̀ngàn wa ni wọ́n ti ń dìbò. Èmi ni mo ń jí lọ ṣí géètì, èmi ni mo ń to àwọn pákó tí wọ́n ń dúró sẹ́yìn rẹ̀ dìbò, èmi ni mo ń so pẹ́ńsùlù mọ́ okùn. Màá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá máa wò wọ́n. Arúgbó tó ń tẹ ọ̀pá, ìyá tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́, ọkùnrin tí kọnkéré gbẹ mọ́ bàtà rẹ̀. Wọ́n á wọlé, wọ́n á kẹ̀yìn sí gbogbo ayé fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á jáde. Owú wọn jẹ mí, Àbẹ̀kẹ́. Mo jowú ìṣẹ́jú kan ṣoṣo yẹn. Mo rò pé àwọn tó ní ìwé ìrìnnà òyìnbó nìkan ló ni ín.

Lọ́dún kan, ìyá òyìnbó tó máa ń jókòó ti ìwé orúkọ bi mí bí mo ṣe ń gbé tíì fún un, ó ní, "Have you voted yourself, love?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "No ma, I only have Nigerian passport."

Ó gbé ife náà kalẹ̀. "But that's Commonwealth. You've got your papers, haven't you? You could have voted all this time."

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń to pákó yẹn. Mo lọ sínú yàrá tí mo ń kó ìgbálẹ̀ sí, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí garawa. Kò sẹ́ni tó gba nǹkan náà lọ́wọ́ mi. Fúnra mi ni mo ń ya á lọ́dọọdún.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e mo forúkọ sílẹ̀. O wà ní yunifásítì nígbà yẹn, mi ò sọ fún ọ. Mo ṣí géètì, mo to pákó tán, mo lọ bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo wọ kóòtù tí mo fi ń lọ síbi ìgbéyàwó, mo jáde síta, mo tún wá gba ẹnu ọ̀nà wọlé bí àwọn yòókù. Mo fi ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé mi hàn wọ́n. Mo dúró lẹ́yìn pákó. Kò sí máníjà níbẹ̀, kò sí wòlíì, kò sí ìyá rẹ. Mo pẹ́ níbẹ̀ débi pé ìyá òyìnbó náà wúkọ́. Ẹni tí mo mú kò tiẹ̀ wọlé, síbẹ̀ inú mi dùn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ó wá ku bí wàá ṣe ṣe é. Mi ò fẹ́ kí o bá bàbá ọkọ rẹ jà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọmọ mi kò lẹ́kọ̀ọ́. Lọ sílé wọn lọ́jọ́ Àìkú. Kúnlẹ̀ kí i. Bá ìyá ọkọ rẹ dín dòdò. Pe ọkùnrin náà ní Daddy, mo ti gbà. Ṣùgbọ́n kí Àìkú yẹn tó dé, wá ọjọ́ kan tí o ò níṣẹ́, jókòó sínú yàrá rẹ, ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kun ún, fọwọ́ sí i, lẹ àpòòwé rẹ̀ pa, kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ gbé e lọ sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́. Bí list bá jáde lórí tábìlì, sọ ọ́ pẹ̀lẹ́ pé, "Daddy, ẹ ṣeun sir, mo ti post tèmi," kí o dìde, kí o bá wọn kó abọ́. Bó bá bi ọ́ pé kí lo mú, sọ pé, "Ó ti lọ sir." Má fi kún un.

Mi ò ní tàn ọ́ pé kò lè bínú. Iṣẹ́ rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè mú ìbínú náà débẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi wúwo lọ́kàn mi. Bó bá dé bẹ́ẹ̀, yàrá rẹ ṣì wà níbí. Ìyá rẹ ti kó àpò ìrẹsì kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrẹsì ṣeé gbé kúrò.

Ó ku ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ojú ewé kan wà nínú lẹ́tà yìí tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Lánàá, gbogbo ọ̀sán ni mo fi wà lórí fóònù, tí mò ń wá orúkọ gbogbo àwọn tó fẹ́ du ipò ní ìpínlẹ̀ yín, títí dórí àwọn adájọ́. Mo kọ wọ́n sílẹ̀, mo fi rúlà fa ìlà, mo fi bírò pupa sàmì sí ẹni tí mo fẹ́ kí o mú. Ó rẹwà lójú mi. Ìyá rẹ gbé e, ó kà á, ó bọ́ awò rẹ̀.

"Bàbá Mojí, kí lèyí?"

Mo ní, "Ìmọ̀ràn ni."

"List ni," ló wí. "Bàbá yẹn print list, ẹ̀yin náà fi rúlà fa list. The only difference be say his own get jollof."

Mo ní tèmi ló tọ̀nà. Ó ní, "Máníjà yín ìjọ́sí ńkọ́? Ṣebí òun náà ní tòun ló tọ̀nà." Ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Mi ò kọ́kọ́ fẹ́ ya ìwé yẹn. Nígbà tó yá ni mo sòótọ́ fún ara mi. Nígbà tí mo ń fa ìlà yẹn, kì í ṣe àwọn arúgbó ni mo ń rò, kì í sì í ṣe Rósì. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ pé list tèmi ni ọmọ mi tẹ̀ lé. Mo fẹ́ borí ọkùnrin yẹn, ìbò rẹ ni mo sì fẹ́ fi borí rẹ̀. Ìwé ni mo ti ń ya láti ọjọ́ pípẹ́ wá, Àbẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ti àná yìí ni àkọ́kọ́ tó yẹ ní yíya.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló kù, òun ló sì nira fún mi jù. O mọ irú bàbá tí mo jẹ́. Mo fẹ́ mọ ohun tí o jẹ, mo fẹ́ mọ ẹni tí o bá sọ̀rọ̀, mo fẹ́ mọ̀ bóyá o wọ kóòtù jáde. Èyí nìkan ni mi ò fẹ́ mọ̀. Má sọ ohun tí o kun sórí ìwé náà fún mi. Bí mo bá fi ẹ̀rín bi ọ́, má sọ. Bí mo bá rán ìyá rẹ sí ọ, má sọ. Ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi ń kẹ̀yìn sí gbogbo ayé yẹn, kẹ̀yìn sí èmi náà.

Olúwa á máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ. Ó dìgbà tí físà mi bá jáde, tí èmi náà á dúró tì ọ́ nínú fọ́tò.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò ní ìlú kankan lẹ́yìn orúkọ.

Mo ti lẹ̀ ẹ́ pa tán, mo tún ṣí i: má sọ fún bàbá ọkọ rẹ náà o.